Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti lọ príǹtì plan ìjọba ní Sábó, Ìkòròdú

Ẹni tó bá fẹ́ príǹtì nǹkan tó nípọn ní Ìkòròdú, tí ò dẹ̀ fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ, ẹ gbọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Sábó, kíọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí èrò ibẹ̀ ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, ẹ ó tún lọ bá mi kún un. Tíṣà Economics ni mí. Mo fẹ́ fi plan ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè ti 2021 sí 2025 kọ́ àwọn ọmọ SS2, mo wá ní kí wọ́n bá mi tẹ abala díẹ̀ jáde nínú ẹ̀, kí wọ́n bá mi tàìpù ojú ewé mẹ́ta tí mo fọwọ́ kọ, kí wọ́n wá fi spiral de gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí ni pé wọ́n dárúkọ owó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ojú ewé kan 50 náírà, tàìpù 300, spiral 1,500. Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ ọ́ sí bébà pélébé, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí níbòmíì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ tán kí wọ́n tó ní iná ò sí, jẹ́n làwọn tàn, owó ti lé. Ọ̀dọ̀ àǹtí yìí náà, jẹ́n ló ń ké lẹ́yìn ilé, àmọ́ owó bẹntiróòlù ti wà nínú 50 yẹn.

Tàìpù ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Plan yẹn, ìjọba Buhari ló gbé e jáde ní December 2021, wọ́n ní 348.1 tírílíọ̀nù náírà ni iṣẹ́ ọdún márùn-ún yẹn máa gbà. Ọmọ tó ń tàìpù kọ bílíọ̀nù. Mo ní tírílíọ̀nù ni o, ó wò mí bí ẹni tó ti mutí, ó ní "Tíṣà, ṣé ó dá yín lójú?" Ó dá mi lójú jàre. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba ló máa mú gbogbo ẹ̀ wá, 298.3 tírílíọ̀nù nínú ẹ̀ ni wọ́n retí lọ́wọ́ àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni, ìyẹn 85.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjọba àpapọ̀ ní 29.6 tírílíọ̀nù, gbogbo ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pátá, tí wọ́n kó pọ̀ sójú kan, ní 20.1 tírílíọ̀nù.

Mo ti ya iye wọ̀nyí sínú tébù, ó dẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó máa jáde, kọ́lọ́ọ̀mù tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún ti gé dànù. Kọ́lọ́ọ̀mù wo? Ti ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ni o! Mo pariwo. Àǹtí gba bébà yẹn, ó wò ó síwá wò ó sẹ́yìn, ó ní "Ẹ má bínú Tíṣà, kì í kúkú dé ọ̀dọ̀ wa tẹ́lẹ̀." Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Wọ́n yí bébà síbùú, wọ́n tún un tẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀ kún un.

Bàbá kan tó ń dúró de fọ́tòkọ́pì ìwé pẹ́ńṣọ̀n wọn wá dá sí i, wọ́n ní láyé tiwọn, Ìbàdàn ni wọ́n máa ń kọjú sí tí wọ́n bá ń retí ọ̀dà tàbí omi ẹ̀rọ, kì í ṣe Ìkẹjà. Òótọ́ ni. Nígbà plan àkọ́kọ́, 1962 sí 1968, abẹ́ Western Region ni Ìkòròdú wà, 1967 la tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Èkó. Iye ìgbà yẹn wà nínú ìwé mi, mo bá kà á fún wọn: 676.8 mílíọ̀nù pọ́ùn ni gbogbo ẹ̀, ìjọba àpapọ̀ 412.5, Àríwá 98.8, Ìwọ̀-oòrùn 90.3, Ìlà-oòrùn 75.2. Bàbá ní kí n tún ti Ìwọ̀-oòrùn kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní "Ẹ rí i? Ó ní orúkọ. Èèyàn mọ ẹni tó máa bi." Mi ò fẹ́ bá wọn jiyàn níwájú èrò ni, torí bí ìdajì owó ìgbà yẹn náà, òkèèrè ni wọ́n gbójú lé pé ó máa ti wá, èyí tó dé ò dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, bàbá jàre mi.

Àǹtí ò jẹ́ kí n lọ. "Èló wá ni ti Ìkòròdú nínú plan yẹn?" Mo ní plan kì í pín owó, bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdọọdún ló ń ná an, tibí dẹ̀ máa ń wá látinú èyí tí wọ́n ń pín lóṣooṣù l'Ábújá, 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìjọba àpapọ̀, 26.72 fún àwọn ìpínlẹ̀, 20.60 fún ìjọba ìbílẹ̀ 774 (VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ní ìṣirò tiẹ̀ lọ́tọ̀). Ìkòròdú, ẹyọ kan ni lójú Àbújá. Tó bá délé, ó di mẹ́fà, torí ìpínlẹ̀ Èkó ti dá LCDA márùn-ún, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké ti ìpínlẹ̀, sílẹ̀ lára ẹ̀ láti 2003: Ikorodu North, Ikorodu West, Igbogbo-Baiyeku, Ijede, Imota. Àǹtí ní "Abọ́ kan, ẹnu mẹ́fà." Ọmọ tó ń tàìpù, ọmọ Imota ni, ó ní iléeṣẹ́ ìrẹsì àwọn ńkọ́? Mo ní ìyẹn, ìpínlẹ̀ ló kọ́ ọ, Buhari kàn wá ṣí i ní January 2023 ni.

Kí n má parọ́, àga méjì péré ló wà níbẹ̀, spiral tí wọ́n fi dè é dẹ̀ kéré, ojú ewé tó kẹ́yìn ti ń já báyìí. Mo fún wọn ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ mú fláàṣì dání torí WhatsApp wọn kì í tètè ṣí fáìlì ńlá, ẹ lọ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kí àwọn ọmọ JAMB tó dé, tí owó yín bá dẹ̀ ti kọjá bílíọ̀nù, ẹ dúró ti ọmọ yẹn kó tàìpù ẹ̀ lójú yín.