Ẹ̀rọ ìpápánu: sìkúrúù kan ni àbí méjì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kówó jọ tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń ṣe ìpápánu àgbàdo tó máa ń wú yẹn, èyí tó fúyẹ́ táwọn ọmọ iléèwé ń rún lẹ́nu, ẹ dúró ná. Oríṣi méjì ló wà, sìkúrúù kan àti sìkúrúù méjì (sìkúrúù ni irin lílọ́ tó ń yí, tó ń ti àgbàdo lọ síwájú), owó wọn ò sì sún mọ́ra rárá.

Sìkúrúù kan, bó ṣe ń gbo àgbàdo lílọ̀ mọ́ ara báárẹ́ẹ̀lì, ìyẹn páìpù irin tí sìkúrúù wà nínú ẹ̀, ni ooru ẹ̀ ti ń wá, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ ní hítà. Á gbóná kọjá 120°C, omi inú àgbàdo ò ní ráyè di oru àfìgbà tó bá yọ lẹ́nu dáì, ìyẹn ihò tó ń gbà jáde, ibẹ̀ ló ti ń wú. Wẹ́dà Adó lè tún un ṣe, ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì sì lè wà á, ẹ̀yin náà ẹ mọ bíná wa ṣe rí l'Ékìtì. Ọ̀rá nìṣòro ẹ̀. Sóyà ní ọ̀rá bíi 20%, ẹ bá dà á sí i púpọ̀, ńṣe ló máa ń yọ̀ nínú báárẹ́ẹ̀lì, kò ní gbóná tó, ohun tó máa jáde á le gbagidi.

Sìkúrúù méjì ò ka ọ̀rá sí tó bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ń nu ara wọn, ẹ sì lè ṣètò ooru ẹ̀ níbi-níbi. Àmọ́ iná three-phase ló ń jẹ, àwọn páàtì ẹ̀ sì sábà máa ń ti Ṣáínà wá. Iná lọ lójijì pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tó wà nínú báárẹ́ẹ̀lì ti gan nìyẹn.

Èmi tiẹ̀ ti jẹ irú ìyà yẹn lórí sìkúrúù kan, láìsí pé iná lọ: mo lọ àgbàdo kúnná bí èlùbọ́, mo kàn wọ́n omi sí i láìwọ̀n, ó dí, wákàtí mẹ́ta la fi ń fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ bí ẹni ń gbẹ́ òkúta. Kí àgbàdo lílọ̀ rí kóró-kóró díẹ̀ bíi gàrí ni, kómi inú ẹ̀ wà ní bíi 14 sí 16%.

Ẹ̀yin tí kò tíì lówó rẹpẹtẹ, sìkúrúù kan ni kẹ́ ẹ rà jàre. Nínú ọgọ́rùn-ún kìlò, àgbàdo 75, ẹ̀wà tí wọ́n ti bó 25, ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tó fọ́ náà dáa nínú ẹ̀. Lysine, ọ̀kan nínú ohun tó para pọ̀ di purotéènì, tí àgbàdo ò ní tó, ẹ̀wà ní in, ṣùgbọ́n ẹ̀wà bá pọ̀ jù, kì í wú mọ́.

Ẹ gbé àdàlù tiyín lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, kó lò ó lójú yín. Tó bá ní àgbàdo nìkan lòun fi ń tẹ́ẹ́sì, ẹ yáa wọkọ̀ padà sílé.