Mo pe àwọn tó ń fi báàgì omi dán ṣéènì bùlọ́ọ̀kù wò wá sí Lafenwa, ohun tójú mi rí rèé

Owó mi ni mo san o, kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ kí n tó kọ èyí. Wọkṣọ́ọ̀bù wa wà ní Lafenwa, ẹ́ńjìnnì lọ́rí la máa ń tú jù, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wá látibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Gantry kan, ìyẹn férémù irin tá a fi ń gbé ẹrù kọ́, wà níbẹ̀ tí Bàbá wẹ́dà fi I-beam, irin gígùn tó nípọn, jó fún wa, ṣéènì bùlọ́ọ̀kù tọ́ọ̀nù 5, ẹ̀rọ tá a máa ń fọwọ́ fa ṣéènì ẹ̀ láti gbé ẹrù sókè, la so mọ́ ọn. Ọdún kẹfà rèé tá a ti ń lò ó, bá a sì ṣe máa ń dán an wò kò ju pé ká fi lọ́rí wọ́ òkúta ńlá kan tó wà lẹ́nu géètì wá, ká gbé e kọ́, tí nǹkan kan ò bá já, ó parí. Bàbá wẹ́dà ló sọ pé tọ́ọ̀nù mẹ́rin ni òkúta yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ojú ni wọ́n fi wò ó. Abẹ́ òkúta la sáà ń gbé, ta ló fẹ́ bá àgbà jiyàn lórí òkúta.

Ohun tó là mí lójú ni ẹ́ńjìnnì kan tá a gbé kọ́ nígbà òjò tó kọjá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣéènì, ni ẹ́ńjìnnì bá ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, jẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yọwọ́ kúrò lábẹ́ ẹ̀ ni, ó ń lọ mú sípánà. Mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò pẹ́ sí i ni kọ́sítómà kan ní òun ò ní gbé ẹ̀rọ òun wá mọ́ àfi tí mo bá ní sàtífíkéètì load test, ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti fi ẹrù dán bùlọ́ọ̀kù wò. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ yọ mí lẹ́nu ni, àṣé òfin wà níbẹ̀: Factories Act ilẹ̀ wa ní kí wọ́n máa yẹ ṣéènì àti okùn ìgbẹ́rù wò lóṣù 6 sí 6, kireeni àtàwọn ẹ̀rọ ìgbẹ́rù tó kù, kó má ju oṣù 14 lọ.

Àwọn tí mo pè, Èkó ni wọ́n ti wá. Lórí fóònù, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi mí: tọ́ọ̀nù mélòó ni wọ́n kọ sára bùlọ́ọ̀kù, báwo ni húùkù ṣe ga sílẹ̀ tó, ṣé omi wà nítòsí. Ti gíga yẹn ò yé mi títí wọ́n fi dé. Báàgì omi yìí, báàgì ńlá tí wọ́n ń so kọ́ húùkù kí wọ́n tó rọ omi sí i, gùn bí ìbẹ́pẹ tó so rọ̀, tí húùkù yín ò bá ga, ìdí báàgì á ti kan ilẹ̀ kó tó kún, ẹ ti fowó ṣòfò nìyẹn. Irú tó kúrú ni wọ́n gbé wá fún wa, gantry wa ò ga rárá. Wọ́n ní ìwọ̀n onírin náà, tọ́ọ̀nù kan kan, irin ò sì gbàyè bí omi, ṣùgbọ́n ẹ wo owó tí màá san láti kó irin tọ́ọ̀nù mẹ́fà ó lé láti Èkó wá, tí kireeni míì á tún bá wa sọ ọ́ kalẹ̀! Báàgì omi, wọ́n ká a bí ẹní sẹ́yìn Hilux, omi ń bẹ níbí.

Ìṣirò ẹ̀ rọrùn, lítà kan, kílò kan. Ìdá 125 nínú 100 ni wọ́n fi ń dán an, torí náà tọ́ọ̀nù 5 tiwa di 6.25, ìyẹn lítà 6,250, tí wọ́n á yọ ìwọ̀n báàgì fúnra ẹ̀ àti ti shackle, irin tí wọ́n fi ń so ó kọ́, kúrò níbẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ gbára lé lítà nìkan, load cell kan wà láàárín húùkù àti báàgì tó ń kọ ìwọ̀n sójú bí fóònù. Ẹ béèrè ìwé load cell yẹn o, ìwé tó sọ ọjọ́ tí wọ́n yẹ òun náà wò gbẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo béèrè kí wọ́n tó mú un jáde, ṣùgbọ́n ọjọ́ ẹ̀ ò tíì kọjá.

Tánkà omi dé, ìyá kan tẹ̀lé e pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì, wọ́n rò pé omi là ń tà. Ẹnjiníà fa okùn yí gbogbo ibẹ̀ ká, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọjá sínú, tó fi mọ́ èmi tí mo ni wọkṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé báàgì kúrò nílẹ̀ díẹ̀ péré, bí ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n wá ń rọ omi sí i, tó bá dé ibì kan wọ́n á dúró, wọ́n á wò ó. Ó pé tọ́ọ̀nù kan, kò mira. Ó pé méjì. Ó di mẹ́ta, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, a dúró, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé báàgì ti wálẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta o, lára ohun tá a kọ márùn-ún sí! Ibí yìí ni mo ti rí ìwúlò omi: ẹnjiníà kàn fa fáàfù ìdí báàgì, omi tú jáde gba gọ́tà lọ, ẹrù ti fúyẹ́ kí n tó mí kanlẹ̀. Tó bá jẹ́ òkúta ló wà lókè tí búrẹ́kì ń yọ̀ yẹn ńkọ́?

A tú bùlọ́ọ̀kù. Ọ́ìlì ló kún ojú búrẹ́kì ẹ̀, ibi tó yẹ kó gbẹ kó lè gbámú. Mo yíjú, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ti dọ̀bálẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo gbọ́ tó ń ké ni, mo bá fi ọ́ìlì sí i." Kí ni n ó sọ? Èmi ni mi ò kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án tá a ti pààrọ̀ búrẹ́kì, wọ́n padà wá, ìdajì owó ni wọ́n gbà lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé tọ́ọ̀nù 6.25 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìmira. Àárín I-beam tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí omi kún, omi tán, ó padà sáyè ẹ̀ (Bàbá wẹ́dà ń rẹ́rìn-ín músẹ́). Wọ́n wọn ẹnu húùkù ṣáájú, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn, kò là sí i. Wọ́n wá dín omi kù sí 5.5, wọ́n ń gbé e sókè sódò, ìyẹn náà lọ dáadáa. Ọmọ mi yìí kan náà tún bèèrè, "Ọ̀gá, ṣé ó ti lè gbé tọ́ọ̀nù mẹ́fà báyìí?" Ẹnjiníà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Márùn-ún ni, márùn-ún náà ló máa wà.

Ohun tí ò dùn mọ́ mi: aago mẹ́jọ tí wọ́n dá, ọjọ́rọ̀ ọ̀sán ni wọ́n dé, wọ́n ní go-slow Sango ni, ta ni ò mọ Sango, kí wọ́n tètè kúrò nílé. Ojú ìsopọ̀ hóòsì ń jò, túúbù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi dì í. Èyí tó burú jù ni sàtífíkéètì, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti bùlọ́ọ̀kù mi, tí mi ò bá fi wọ́n wéra mi ò bá ti gbé ìwé ẹlòmíì kọ́ ògiri, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi tún un ṣe. Owó ẹ̀ náà ga, gbogbo ẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú omi lé ní irinwó ẹgbẹ̀rún náírà. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún, màá tún pè wọ́n.

Kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi gbé òkúta ẹnu géètì yẹn kọ́ load cell. Tọ́ọ̀nù 1.9. Bàbá wẹ́dà wò ó, wọ́n yí i ká, wọ́n tún wò ó, wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn ń purọ́.