Ìdánwò TCF Canada, lẹ́yìn tí mo jókòó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó ṣe TCF Canada, ìdánwò èdè Faransé fún àwọn tó fẹ́ lọ fìdí kalẹ̀ ní Kánádà, kí èsì rẹ̀ tó wúlò fún mi, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe àgbọ́sọ. France Éducation international, tó wà ní Sèvres lẹ́bàá Paris, ni ó ń ṣètò rẹ̀. TCF Canada àti TEF Canada, ìdánwò Faransé mìíràn, nìkan ni ìjọba àpapọ̀ Kánádà ń gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹni tó fẹ́ wá fìdí kalẹ̀ gbọ́ Faransé. Ìwé ẹ̀rí èdè Faransé tó ń jẹ́ DELF B2 tí mo gbà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ mi ní Abúlé Faransé ní Àjàrá, Àgbádárìgì, kò ràn mí lọ́wọ́ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé náà kò ní ọjọ́ tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀.

Apá mẹ́rin ni ìdánwò náà ní. Ìgbọ́rọ̀ ní ìbéèrè 39 fún ìṣẹ́jú 35, kíkà ní ìbéèrè 39 fún wákàtí kan, kíkọ ní iṣẹ́ mẹ́ta fún wákàtí kan, sísọ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 12. Ìgbọ́rọ̀ ni ó le jù lójú tèmi, kì í ṣe nítorí pé èdè rẹ̀ ta kókó, bí kò ṣe pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn ń gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ìbéèrè sì ń le sí i bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà àkọ́kọ́, hẹ́dífóònù tí wọ́n fún mi ní ibùdó ìdánwò ń hó ní etí òsì. Mo nawọ́, alámòójútó sì mú òmíràn wá, ṣùgbọ́n kí n tó dé e sórí, obìnrin kan nínú ohùn ìdánwò náà tó ń kéde àyípadà àkókò rélùwéè ti sọ̀rọ̀ tán. Máàkì 449 ni mo gbà, bẹ́ẹ̀ 458 ni NCLC 7, ìyẹn ìpele keje nínú òṣùwọ̀n tí Kánádà fi ń díwọ̀n Faransé ènìyàn, ti bẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ti lajú. Ètò ìpínlẹ̀ Ontario tí mo fẹ́ bá wọlé nígbà náà, èyí tó wà fún òṣìṣẹ́ tó ń sọ Faransé, béèrè NCLC 7 ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọn kì í ro máàkì pọ̀. Apá tí ènìyàn ti rẹlẹ̀ jù ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Mo gba 12 nínú 20 nínú kíkọ, mo gba 11 nínú sísọ, máàkì kíkà mi sì kọjá 500, síbẹ̀ máàkì mẹ́sàn-án péré fà mí wálẹ̀ sí ìpele 6. Kò sí àyè láti tún apá kan ṣoṣo ṣe. Odindi rẹ̀ ni mo tún sanwó fún, odindi rẹ̀ ni mo tún ṣe, kí n tó gba 486 nínú ìgbọ́rọ̀. Èyí ni àbùkù ìdánwò yìí tó dùn mí jù, mo sì gbà pé ó yẹ kí àwọn tó ni í wá nǹkan ṣe sí i.

Sísọ ni mo yìn jù. Olùdánwò jókòó níwájú ẹni, wọ́n sì ń gba ohùn sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ kejì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìmúrasílẹ̀, èmi ni mo ń bi olùdánwò ní ìbéèrè: mo fẹ́ yá ilé, òun ni onílé. Mo béèrè bóyá owó iná wà nínú owó ilé, ó fèsì. Mo tún béèrè ẹni tó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé. Ẹni tó kàn há gírámà sórí kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí agbanisíṣẹ́ ní ìlú kékeré fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn.

Àbúrò mi kan tó dàgbà sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ti ń fi Faransé kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bínú nígbà tó gbọ́ pé òun náà gbọ́dọ̀ ṣe é. Mo mọ ohun tó ń dùn ún, àmọ́ n kò gbè é. Nígbà tí èsì rẹ̀ dé, kíkọ ni ó ti rẹlẹ̀ jù, torí ó ti pẹ́ tó ti fi Faransé kọ ohun tó ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ, iṣẹ́ kẹta nínú kíkọ sì ń béèrè pé kí ènìyàn fi èrò méjì tó takora wé ara wọn láàárín ọ̀rọ̀ 120 sí 180.

Fún ètò ìfìdíkalẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ Kánádà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025 fún àwọn àwùjọ tó ń sọ Faransé lẹ́yìn odi Québec, NCLC 5 tó: 369 nínú ìgbọ́rọ̀, 375 nínú kíkà, 6 nínú kíkọ àti sísọ. Àwùjọ mẹ́fà ni wọ́n: Acadian Peninsula ní New Brunswick, Sudbury, Timmins àti Superior East ní Ontario, St. Pierre Jolys ní Manitoba, àti Kelowna ní British Columbia. Agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fún ènìyàn níṣẹ́, ọdún méjì péré sì ni èsì ìdánwò fi ń wúlò. Ẹ má ṣe tètè ṣe é nígbà tí iṣẹ́ kò tíì sí lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì dé ibùdó, ẹ dán etí hẹ́dífóònù méjèèjì wò kí wọ́n tó tan ohùn àkọ́kọ́.