Géèmù olówó oṣù tàbí géèmù tí kò ní sọ́bù: èwo ló bá ẹni tó ń gbé l'Ékìtì mu?

Dọ́là 14.99 ni World of Warcraft, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ń gbà lóṣù kan. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, ó di 22,485 náírà. Láti ọdún 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn: ẹni tó ń gba iye yẹn n'Ìkọ̀lé, tó sì ń sọ́bù géèmù yìí (ìyẹn ni pé ó ń san owó oṣù rẹ̀), ti kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ fún un kó tó ra gààrí.

Síbẹ̀, iye yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ sọ́bù. Ohun tó ń dùn mí ni pé oṣù kì í dúró de iná. Gbàrà tí owó bá ti kúrò lórí káàdì ni ọjọ́ ti ń lọ. Wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin ní Bàsírì, ọjọ́ ń lọ. Dátà tán, ọjọ́ ń lọ. Ìdánwò sẹ́mẹ́sítà wọlé ní EKSU, tàbí wọ́n ní kí ẹ wá sí Ìjerò fún ìsìnkú màmá àgbà, ọjọ́ ṣì ń lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dojú rú, ọjọ́ àwọn tó ti sanwó ṣì ń lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n bá òun yan géèmù, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: nínú ọgbọ̀n ọjọ́, mélòó ni ẹ lè jókòó ti géèmù yìí lóòótọ́?

Àwọn géèmù tí mò ń sọ ni irú èyí tí ẹ ó ti dá ẹ̀dá kan sílẹ̀, tí ẹ ó máa tọ́ ọ dàgbà láti ìpele dé ìpele, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn mìíràn sì wà nínú ayé kan náà pẹ̀lú yín. MMORPG ni wọ́n ń kọ sára wọn.

Bí wọ́n ṣe ń gbowó

Nígbà tí Ultima Online jáde ní 1997, tí EverQuest tẹ̀lé e ní 1999, owó oṣù ni gbogbo wọn ń gbà. World of Warcraft dé ní 2004, ó sì tẹ̀ lé ọ̀nà náà títí di òní. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ gbìyànjú ẹ̀, kò gbè wọ́n. Star Wars: The Old Republic jáde ní oṣù Kejìlá 2011 pẹ̀lú owó oṣù, kó tó pé ọdún kan, ó ti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀fẹ́. The Elder Scrolls Online bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2014, ó sì fi owó oṣù tipátipá sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2015. Ti WildStar ló burú jù: 2014 ló jáde, 2015 ló di ọ̀fẹ́, 2018 ni wọ́n tì í pa. Lónìí, World of Warcraft àti Final Fantasy XIV ni ìlúmọ̀ọ́ká méjì tó ṣì dúró gbọn-in lórí owó oṣù.

Guild Wars 2 gba ọ̀nà mìíràn láti ọdún 2012: ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Láti 2015 pàápàá, géèmù ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́, àfikún (ilẹ̀ àti ìtàn tuntun tí wọ́n ń fi kún géèmù) nìkan ni wọ́n ń tà. Àwọn tó kù, irú Albion Online àti Lost Ark, kò gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Inú ìsọ̀ wọn ni wọ́n ń dúró dè yín sí.

Tí ẹ kò bá sanwó mọ́, kí ló kù sí yín lọ́wọ́?

Èyí ni ibi tí ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á ti fara balẹ̀, nítorí ojú ìwé ìpolówó kì í sọ ọ́.

World of Warcraft: ẹ̀dá yín wà níbẹ̀, ẹ kò kàn lè fi í ṣeré ni, àfi tí kò bá tíì kọjá ìpele 20. Ohun kan tó dára nínú rẹ̀ ni pé owó oṣù náà ti kó géèmù ìpìlẹ̀ àti àwọn àfikún àtijọ́ sínú. Èyí tó jáde kẹ́yìn nìkan ni ẹ ó rà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ fún oṣù mẹ́jọ tó padà, aṣọ ogun tó fi ojú oorun wá ti di àkísà, torí àfikún tuntun máa ń gbé ìpele sókè.

Final Fantasy XIV: ẹ̀dá wà, ṣùgbọ́n ilé lè má sí. Nínú géèmù yẹn, èèyàn lè ra ilẹ̀, kó kọ́lé, kó kó àga àti òdòdó sí i. Bí onílé kò bá wọ ilé náà fún ọjọ́ 45, wọ́n á wó o. Ẹni tó bá ti gbé l'Ádó lásìkò tí tiransifọ́mà àdúgbò jóná mọ̀ pé ọjọ́ 45 kì í pẹ́ pé.

The Elder Scrolls Online: ẹ lè máa ṣeré lọ láìsan kọ́bọ̀ lóṣù, ṣùgbọ́n wọ́n ní sọ́bù àfínnúfíndọ̀ kan, ESO Plus, dọ́là 14.99. Ó ń fún yín ní àpò ńlá tí kì í kún fún èròjà iṣẹ́ ọwọ́, àti àyè sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àfikún. Ẹ dáwọ́ owó dúró, ilẹ̀ tí ẹ kò fi owó ara yín rà á tì mọ́ yín; ẹ lè yọ èròjà kúrò nínú àpò ńlá náà, ẹ kò lè fi kún un mọ́. Star Wars: The Old Republic yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Ẹni tó bá san sọ́bù oṣù kan péré, àwọn àfikún tó ti jáde títí di ìgbà yẹn ti di tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ sanwó mọ́ láéláé. Sọ́bù ni wọ́n pe méjèèjì, àmọ́ ìkejì ni mo lè pè ní ìrajà.

Guild Wars 2 kì í gba nǹkan kan padà lọ́wọ́ yín. Ìpele 80 ni òpin rẹ̀ láti 2012, wọn kò sì gbé e sókè rí. Aṣọ ogun tó dára jù tí ẹ wọ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì lè jà lónìí. Fún ọmọ iléèwé tó ń ṣeré lásìkò ìsinmi nìkan, tàbí agùnbánirọ̀ tí kò mọ ibi tí wọ́n máa gbé òun sí, n kò tíì rí èyí tó bá a mu tó o.

Kí ẹ tó náwó rárá

Ẹ lo ẹ̀dà ìdánwò ọ̀fẹ́ ti Final Fantasy XIV. Títí dé ìpele 70 ni, àfikún méjì, Heavensward àti Stormblood, wà nínú rẹ̀, kò sì ní gbèdéke ọjọ́. Wọ́n fi ààlà sí i lóòótọ́: owó inú géèmù kò lè kọjá 300,000, ẹ kò lè lo ọjà, ẹ kò lè wọ ẹgbẹ́, ẹ kò sì lè dá ẹgbẹ́ ogun sílẹ̀ fúnra yín, àfi kí ẹlòmíràn pè yín. Ìtàn rẹ̀ dùn dépò pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí àwọn ààlà wọ̀nyí.

Ọmọ yunifásítì kan tó ń gbé ní Ìwòròkó pè mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí i. Mo ti rí owó díẹ̀, ṣé kí n kúkú ra ojúlówó rẹ̀ báyìí?"

Mo ní, "Ìpele mélòó lo wà?"

"Ogójì ó lé mẹ́ta, sà."

"Fi owó ẹ ra dátà jàre."

Ìdí tí mo fi dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà náà kò ní àbọ̀. Àkáǹtì tó bá ti kúrò ní ìdánwò tó di ojúlówó kò lè padà sí ọ̀fẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí owó oṣù kò bá sí, ẹ kò ní lè wọlé rárá, àní sí apá tí ẹ ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀fìn mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá ra ojúlówó lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ máa ra gbogbo àfikún rẹ̀ lórí Steam ni. Ẹ yan ìsọ̀ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì.

Ti Guild Wars 2 lọ́fẹ̀ẹ́ máa dé ìpele 80 pẹ̀lú ẹ̀dá méjì, ṣùgbọ́n wọ́n dín ọ̀rọ̀ sísọ àti ọjà títà kù. Ríra àfikún kan ṣoṣo ti tó láti tú gbogbo okùn yẹn. Janthir Wilds tó jáde ní 2024 jẹ́ dọ́là 24.99 nígbà tó jáde, ìyẹn 37,485 náírà pẹ̀lú ìṣirò wa ìṣáájú. Oṣù méjì World of Warcraft ti ju iye yẹn lọ.

Ọ̀fẹ́ tó ń gbowó

Géèmù ọ̀fẹ́ dà bí òde àríyá tí wọn kò gba owó ẹnu ọ̀nà, tí omi mímu inú rẹ̀ wá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ohun tí ẹ máa wò ni ohun tí wọ́n ń tà. Bó bá jẹ́ aṣọ àti ẹṣin aláràbarà, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ agbára, tàbí àpótí tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi sanwó, tẹ́tẹ́ lẹ̀ ń ta yẹn. Bẹ́ljíọ̀mù ka irú àpótí bẹ́ẹ̀ sí tẹ́tẹ́ ní 2018, ìdí sì nìyẹn tí wọn kò fi gbé Lost Ark dé orílẹ̀-èdè náà nígbà tó wọ Yúróòpù ní 2022. Ẹ̀yin òbí tó bá so káàdì yín mọ́ fóònù ọmọ, ẹ gbọ́ ti ibí yìí dáadáa.

Ẹ má sì rò pé owó oṣù ni ó sọ gbogbo èèyàn dọ́gba. World of Warcraft fúnra rẹ̀ ń ta tókìnnì ní dọ́là 20 láti ọdún 2015: olówó á rà á, á tà á fún ẹlòmíràn gba góòlù inú géèmù, ẹni tó rà á á fi gba ọgbọ̀n ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni olówó ṣe ń fi owó gidi ra góòlù, tí òṣìṣẹ́ sì ń fi òógùn san sọ́bù. Bond ti Old School RuneScape ń ṣe irú rẹ̀ fún ọjọ́ 14, Albion sì gba kí ẹ fi fàdákà inú géèmù san Premium, ìyẹn sọ́bù àfínnúfíndọ̀ tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àmọ́ ó gba wákàtí tó pọ̀, ẹni tí iná kì í dúró fún kò rọrùn kó rí wákàtí yẹn.

Àwọn méjì tí mo kà tán yìí ló bá ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù mu jù. Old School RuneScape wà lórí fóònù láti 2018, Albion láti 2021, àkáǹtì kan náà lẹ ó lò lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. RuneScape fúyẹ́, kì í jẹ dátà, apá ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì tó èèyàn lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Albion le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn àgbègbè pupa àti dúdú rẹ̀, ẹni tó bá pa yín á kó gbogbo ohun tí ẹ wọ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gé nígbà tí ẹ wà níbẹ̀, kí ẹ tó padà wọlé, wọ́n ti bọ́ yín sí ìhòhò. Àgbègbè búlúù àti yẹ́lò ni kí ẹ máa wà lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú.

Dátà àti káàdì

Ṣíṣe géèmù wọ̀nyí kì í jẹ dátà púpọ̀. Gbígbé wọn wá sórí kọ̀ǹpútà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì (dáńlóòdù) ló ń pa èèyàn. Final Fantasy XIV àti The Elder Scrolls Online lé ní 100 gígábáìtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Dátà òru ni kí ẹ fi gbé wọn, tàbí kí ẹ wá ọ̀rẹ́ tó ti ní in kí ẹ fi háàdì dírááfù dà á kọ. Kò sí sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù ń ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́) àwọn géèmù ńlá yìí kankan ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ yan ti Yúróòpù, ẹ má yan ti Amẹ́ríkà.

Ní ti káàdì, láti 2022 ni ọ̀pọ̀ báǹkì ti dá káàdì náírà dúró lórí ìnáwó òkè òkun. Ní 2025, àwọn kan tún ṣí i padà, pẹ̀lú òdiwọ̀n iye tí èèyàn lè ná. Sọ́bù á máa kan ilẹ̀kùn káàdì yẹn lóṣooṣù. Ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ló máa là á já. Ní orí fóònù, Google Play ń ta nǹkan ní náírà, ìyẹn sì rọrùn díẹ̀. Bí gift card bá di dandan, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ má ra àkáǹtì olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin àwọn géèmù yìí kò gbà á, wọ́n sì lè tì í pa ní ọ̀la.

Èmi, èwo ni màá rà?

Ẹni tó ní ìńfátà tàbí sólà, tó ń ṣeré ní alẹ́ ọjọ́ tó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lóṣù, tó sì ní ẹgbẹ́ tó ń dúró dè é: Final Fantasy XIV, lẹ́yìn tó bá ti jẹ ìdánwò ọ̀fẹ́ tán porogodo. Èyí tó kéré jù nínú owó oṣù rẹ̀ jẹ́ dọ́là 12.99, ó sì tó. World of Warcraft, àfi bí àwọn ọ̀rẹ́ yín bá ti wà níbẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tó kù tó ní kọ̀ǹpútà, Guild Wars 2. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá sì yan olówó oṣù, ọjọ́ tí ẹ sanwó gan-an ni kí ẹ wọ inú àkáǹtì yín kí ẹ pa ìsanwó tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Oṣù tí ẹ ti san kò ní bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó lò ó tán. Kìkì pé oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ ó pinnu bóyá kó gba owó.