Sítáǹdì ìwé onírin láti Sípéènì tí mo rà ní Wuse 2

Ẹ̀yin ará Abuja tẹ́ẹ fẹ́ràn nǹkan àtijọ́, sọ́ọ̀bù kan wà ní Wuse 2 tó ń ta ẹrù àtijọ́ láti Yúróòpù, ibẹ̀ ni mo ti ra sítáǹdì ìwé onírin yìí, wọ́n ní ti ayé Renaissance ní Sípéènì ni, ìyẹn nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an torí owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń pè é.

Ẹsẹ̀ ẹ̀ gba inú ara wọn kọjá, ó ṣeé ká, awọ ló wà lókè tẹ́ẹ máa gbé ìwé lé. Nígbà yẹn ìwé orin kàtídírà tóbi gan-an, orí awọ ẹran ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, gbogbo akọrin á pagbo yí ẹyọ kan ká, sítáǹdì tìyẹn ò ṣeé gbé kúrò níbì kan. Èyí kéré sí i, Bíbélì ńlá ilé wa jókòó sórí ẹ̀ dáadáa, kò mì rárá.

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ yẹn ló gbà mí lọ́kàn jù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ibi tí irin méjì ti pàdé, kò sí ojú wẹ́dà kankan níbẹ̀, ìṣó ni wọ́n gbà kọjá tí wọ́n wá fi òòlù lu orí ẹ̀ pẹlẹbẹ, orí ìṣó kan ò sì bá ìkejì dọ́gba. Wọ́n lọ́ ọ̀pá ẹ̀ bí okùn, ti ọ̀tún le ju ti òsì lọ díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn o! Iná ẹwìrì àti ọwọ́ èèyàn ló ṣe é, wẹ́dà oníná ò tíì dé ayé títí sẹ́ńtúrì 19 fi ń parí lọ. Àwọn ará Sípéènì mọ irin í rọ, ẹ wo ọgbà irin tí Francisco de Villalpando ṣe síwájú pẹpẹ ńlá kàtídírà Toledo, ọdún 1548 ló parí ẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín, torí nígbà tí àwọn olówó California àti Florida ń kọ́lé bíi ti Sípéènì ní àwọn ọdún 1920, àwọn alágbẹ̀dẹ rọ irú ẹ̀ lọ súà, òmíràn sì lè tan èèyàn jẹ. Torí náà ẹ bèèrè ìwé àṣẹ tí wọ́n fi kó o jáde ní Sípéènì. Òfin Sípéènì ti ọdún 1985 ni pé nǹkan tó bá ti lé ní 100 ọdún ò gbọdọ̀ jáde nílùú láìgba àṣẹ ìjọba. Oníṣọ́ọ̀bù yìí mú tiẹ̀ jáde kí n tó bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, mo gbóríyìn fún un níbẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kun ẹsẹ̀ ẹ̀. Kí ló dé? Ta ló ní kí wọ́n kùn ún? Irin tó ti dúdú fúnra ẹ̀ látọdún yìí wá, ẹ lọ fi ọ̀dà bò ó kó lè máa dán! Wọ́n yọ owó díẹ̀ fún mi nítorí ẹ̀, síbẹ̀ ó ń dùn mí. Tẹ́ẹ bá rà á, ẹ má fi sáńdípépà kàn án, ìda oyin díẹ̀ lórí aṣọ gbígbẹ ti tó, ọ̀yẹ́ Abuja ò ní ṣe é ní nǹkan kan, àsìkò òjò ni kẹ́ẹ máa ṣọ́ ọ.

Awọ orí ẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́, ojú ìránṣọ ẹ̀rọ hàn kedere lára ẹ̀. Ìyẹn ò dà mí láàmú, ṣebí awọ ewúrẹ́ ilẹ̀ Haúsá níbí ló ń gba Sàhárà kọjá láyé àtijọ́ tí àwọn òyìnbó ń rà á ní awọ Mòrókò. Mo ti bá oníṣẹ́ awọ kan láti Sókótó sọ̀rọ̀, ó ti wọn ibẹ̀, awọ pupa la fẹ́ lò, ọwọ́ ló sì máa fi rán an.