Squoosh: ohun tí mo fi ń yí fọ́tò padà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kábà

Ọmọkùnrin kan wọlé lọ́jọ́ Ajé, ó ní, "Òkun o, àǹtí. Pọ́tà ò gba fọ́tò mi." Mo gba fóònù rẹ̀ wò. Níbi tí fáìlì ti ń jẹ́ .webp tẹ́lẹ̀, ìyẹn irú fáìlì fọ́tò mìíràn, ó ti pa á rẹ́, ó sì kọ .jpg sí i fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Bí wọ́n bá kọ "gàrí" sára àpò sìmẹ́ńtì Ọbájánà, ta ni yóò fi tẹ̀bà?

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mò ń ṣe, fọ́tò ló sì ń dà mí láàmú jù. Akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé pásípọ́ọ̀tù wá fún pọ́tà tó ní JPG nìkan lòun ń gbà, kò sì gbọdọ̀ ju 100KB lọ. Ìyálóde ẹgbẹ́ máa fẹ́ kí n fi àmì ẹgbẹ́ sára bánà. Olóòkú ń fẹ́ pósítà kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Kò sí èyí tó ń gbé irú fáìlì tó yẹ wá nínú wọn.

Kí n tó mọ Squoosh, sáìtì kan wà tí mò ń lò, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Bọ́tìnì mẹ́rin ni yóò kọ "Download" sí ọ lójú, ìpolówó ni mẹ́ta nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, mo fi dátà mi gbé fọ́tò olóògbé mọ́kànlá lọ síbẹ̀. Ó ń yí, ó ń yí. Nígbà tó yí tán, méjì ló dá padà fún mi, ó ní kí n wá fi dọ́là ra ìyókù. NEPA ti mú iná, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, olóòkú sì jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ náà ni mo ti yí àmì ẹgbẹ́ kan láti PNG sí JPG, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ fi di dúdú bí kóró iṣin lórí bánà tí wọ́n ti tẹ̀ tán. Ká sọ òótọ́, mo lẹ́bi nínú ìyẹn. JPG ò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn àwòrán má láwọ̀. Àwọ̀ kan ṣá ni wọ́n máa fi dí i, yálà funfun tàbí dúdú. Ẹ fi àmì ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ ní PNG.

Àwọn tó ń ṣe búráúsà Chrome ní Google ló gbé Squoosh jáde ní 2018, squoosh.app ni ẹ máa kọ. Kò gba kọ́bọ̀, kò ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Èyí tó mú mi dúró tì í ni pé fọ́tò kì í kúrò nínú láptọ́ọ̀pù mi. Inú búráúsà níbẹ̀ ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì lọ pátápátá lọ́jọ́ kan, mo ti ṣí i láàárọ̀, mo fa fọ́tò sínú rẹ̀, ó ṣe é. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ọlọ́mọ, káàdì NIN, ojú olóògbé: n kò fẹ́ kí irú wọn máa sùn nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí n kò mọ̀.

Ojú ara ẹni sì ni èèyàn fi ń rí ohun tó máa pàdánù. Arákùnrin kan láti Bùnú gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ wá, PNG, 9MB. Aṣọ tí màmá náà fọwọ́ ara rẹ̀ hun ló ró, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Mo fà á sínú Squoosh. Ìlà kan dúró láàárín: apá òsì ni fọ́tò bó ṣe wà, apá ọ̀tún ni bó ṣe máa rí. Mo yan MozJPEG, ìyẹn ohun tí Squoosh fi ń ṣe JPG, mo fa Quality láti 75 wá sí 20, mo wá ń fi ìlà àárín náà gba orí aṣọ kọjá. Lápá òsì, o lè ka òwú. Lápá ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ bí ògì tó dì kókó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá sì ti pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ síwájú: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ìlà ojú ìyá mi rẹ́." Mo gbé e padà sí 80. Òwú padà, ìlà ojú padà, fọ́tò sì di 1.1MB.

Bí 100KB pọ́tà bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ má kàn máa já Quality wálẹ̀. Ẹ tẹ Resize, ẹ kọ́kọ́ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù.

Ó ní àléébù. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà lórí sáìtì. Ẹni tó bá ní fọ́tò ìgbéyàwó ogójì, ó yá o. Ẹ̀kejì ni ti iPhone. Láti 2017 ló ti ń ya fọ́tò ní HEIC, irú fáìlì fọ́tò mìíràn, Chrome kò sì mọ HEIC kà. Bọ̀dá kan ní Amẹ́ríkà fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, nítorí èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́! Ní báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, kí wọ́n tẹ HD, yóò di JPG fúnra rẹ̀. Tàbí kí wọ́n lọ sí Settings, Camera, Formats, kí wọ́n yan Most Compatible kí wọ́n tó tún ya òmíràn.

Àwọn kan sì gbà pé bí JPG tó ti ṣú bá di PNG, yóò mọ́. Kò ní mọ́. Ìdọ̀tí yẹn náà ló kó lọ sílé ńlá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni n ó fún un. Fọ́tò ọmọkùnrin ọjọ́ Ajé di JPG, 84KB, pọ́tà gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gba ₦200. Ó bi mí bóyá òun náà lè ṣe é lórí fóònù òun. Mo ní ó ṣeé ṣe, mo sì fi hàn án. Oníbàárà kan ti lọ nìyẹn.