Áàpù tó ń ka kìlómítà fún owó ìrìn iṣẹ́: ohun tí mo rí lójú ọ̀nà Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀

Kí n tètè sọ ibi tí mo fì sí, torí ẹni tí kò ní ráyè kà á tán. Áàpù yìí ṣe mí lóore, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ rí irú rẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n kìlómítà nìkan ló ń kà. Ohun tí ọ̀nà ń jẹ lára ọkọ̀, ilé iṣẹ́ ló ń fi iye sí i, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń rẹ́ wa jẹ.

Ẹ̀rọ omi tó ń lo agbára oòrùn ni mò ń tún ṣe. Kétu ni mò ń gbé, Kútọnu ni ilé iṣẹ́ wa wà, àwọn oníbàárà sì wà káàkiri. Láti Kétu sí Àjàṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Porto-Novo, títì ọlọ́dà ni, a ń gba Pobẹ̀ àti Sákété kọjá, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ti Ṣábẹ̀ ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Èmi a máa yípo gba Covè àti Bohicon, kí n tó já sí títì ńlá tó ń lọ sí Parakou, kí n sì gba Dassa. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, oko tí ẹ̀rọ wà tún lè wà ní ìgbèríko Ofè tàbí Kaboua, ọ̀nà eruku ni n óò sì gbà dé ìdí rẹ̀.

Kí áàpù yìí tó dé, ìwé owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó dá owó padà, kì í sì í ṣe ìwé owó kan ṣáá. Facture normalisée ni, èyí tó ní àmì QR tí ilé owó orí lè yẹ̀ wò. Ilé epo ní irú rẹ̀. Ní péage Ekpè, ibi tí wọ́n ti ń gba owó ọ̀nà, wọ́n ń fúnni ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún yín ní facture normalisée nínú oko? Táyà mi jò lẹ́yìn Ìdígní lọ́jọ́ kan. Bàbá tó bá mi lẹ̀ ẹ́ kò ní ju ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan àti abọ́ omi kan lọ. Nígbà tí mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi kọ ìwé owó rẹ̀," wọ́n ya etí àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n yọ báírò tó wà lẹ́yìn etí wọn, wọ́n kọ ọ́: táyà 1, sẹ́fà 1.000. Wọ́n wá fi àtàǹpàkò wọn tó kún fún gírísì tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi ṣe é. Ìwé yẹn dé Kútọnu, wọ́n dá a padà fún mi. Sẹ́fà 1.000 kì í ṣe owó ńlá, àmọ́ bí irú rẹ̀ ṣe ń kóra jọ lóṣooṣù nìyẹn, tí ẹ óò fi máa fi owó oúnjẹ ọmọ yín ṣe iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ epo náà wà níbẹ̀. Lọ́nà oko, kpayo inú ìgò, ìyẹn epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, ló wọ́pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í kọ ìwé lórí kpayo. Àwọn kan lára wa ń rà á torí pé ó dínwó, ọ́fíìsì kò sì dá kọ́bọ̀ padà lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, kpayo kò dínwó bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ibi ìpamọ́ kpayo kan jóná ní Sèmè-Podji, ó pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé ilé epo ni n óò máa lò. Owó tí wọ́n ń ṣírò lórí kìlómítà jẹ́ kí ó rọrùn fún mi: n óò kún táńkì ní Kétu kí n tó gbéra, kò sí ẹni tí yóò bi mí léèrè ìwé.

Bí wọ́n ṣe ń lo áàpù náà kò le. Bí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó yan ìrìn iṣẹ́ tàbí ìrìn ti ara ẹni, ẹ ó kọ orúkọ oníbàárà. Bí oṣù bá parí, á to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀gá á fọwọ́ sí i, owó á wọlé sórí fóònù. Èyí tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀.

Ẹ̀bùkù rẹ̀ wá ńkọ́? Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ṣe é, máìlì ló sì fi ń kà nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sórí fóònù. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà kan àti mítà 609, nítorí náà 100 kìlómítà á hàn bíi 62. Ilé iṣẹ́ tó bá san 62 yẹn bí ẹni pé kìlómítà ni ti jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó yín lọ. Ẹ yí i padà sí km kí ẹ tó kúrò nílé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ọ̀nà oko. GPS tí áàpù fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ti ń gba àmì. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé fóònù a máa pa áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láti fi dá bátìrì sí. Bí áàpù bá jí padà, á fa ìlà tààrà láti ibi tó sùn sí dé ibi tó jí sí, gbogbo kọ́nà tí ẹ yà láàárín wọn á sì di òfo. Lórí ọ̀dà Pobẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Lójú ọ̀nà tó ń yí igi àti àkùrọ̀ ká ní apá Adakplamè, kìlómítà tó ń sọnù kì í ṣe kékeré. Mo wọ ibi ètò bátìrì, mo ní kí fóònù má fọwọ́ kan áàpù náà, mo sì ra ṣájà tí mo ń lò nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, mo ń ya fọ́tò míítà iwájú ọkọ̀ nígbà tí mo bá gbéra àti nígbà tí mo bá dé. Fọ́tò yẹn ni mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì bí iye méjèèjì bá yàtọ̀, wọn kò sì tíì rí i kọ̀.

Ó wá ku owó gan-an. Sẹ́fà 110 ni wọ́n ń san fún wa lórí kìlómítà kan, ibi yòówù tí a bá gbà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń mu lítà 9 fún 100 kìlómítà, tí a sì fi lítà kan sí sẹ́fà 700, epo nìkan jẹ́ 63 lórí kìlómítà kan. Táyà mẹ́rin tí wọ́n rà ní 160.000, tó sáré 40.000 kìlómítà, jẹ́ 4. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ 25.000 fún 5.000 kìlómítà jẹ́ 5. Gbogbo rẹ̀ di 72, ó ku 38. Ní ọ̀nà eruku, tí ẹ ò lè kúrò lórí jíà kejì àti ìkẹta, lítà 12 ni ọkọ̀ yẹn lè mu: ìyẹn 84. Òkúta kò ní jẹ́ kí táyà lo ju ìdajì ọjọ́ rẹ̀ lọ, 4 di 8. Pẹ̀lú ọ́ìlì, ó ti di 97. Sẹ́fà 13 tó kù ni ẹ óò fi ra ṣọ́ọ̀kì, tí ẹ óò fi san assurance (owó ìbánigbófò), TVM (owó orí ọkọ̀) àti visite technique (àyẹ̀wò ọkọ̀), tí ẹ óò sì tún fi tọ́jú owó ọkọ̀ mìíràn. Kò lè tó láé.

Ohun tí ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn, pé ọkọ̀ ń gbó. Ní Amẹ́ríkà, sẹ́ǹtì 70 ni ilé owó orí wọn fi sí máìlì kan ní 2025, 33 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ tó ń dínwó. Ó sún mọ́ ìdajì! Ní ilẹ̀ Faransé, tí àwọn ọ́fíìsì wa ti máa ń kọ́ṣe, ọkọ̀ tí agbára rẹ̀ lójú owó orí jẹ́ 5 CV ní euro 0,636 lórí kìlómítà kan títí dé 5.000 kìlómítà ọdún kan, nǹkan bíi sẹ́fà 417. N kò ní kí wọ́n san 417 fún mi ní Kétu. Owó mẹ́káníìkì ibẹ̀ àti tiwa kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kó sínú iye yẹn ni kí àwa náà kó sínú tiwa.

Ẹ̀gbọ́n kan lára wa ní Àjàṣẹ́ ń gun ọkọ̀ ilé iṣẹ́. Ti wọn yàtọ̀: ilé iṣẹ́ ló ń ra táyà, ilé iṣẹ́ náà ló ń san assurance, nítorí náà owó epo nìkan ni kìlómítà wọn ń gbé wá, kò sì sí ìrẹ́jẹ nínú ìyẹn. Àwọn tó ń gun alùpùpù ni ọkàn mi ń bá kẹ́dùn, torí áàpù kò ní àyè fún wọn rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ni wọ́n ń wọ inú oko jù.

Bí ilé iṣẹ́ yín bá gbé irú áàpù yìí wá, ẹ gbà á, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Kí iye ọ̀nà eruku yàtọ̀ sí ti ọ̀dà. Kí wọ́n dá ìgbà tí wọn yóò tún iye náà wò: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ́ńsì 45 ni wọ́n fi sí máìlì kan ní 2011, ibẹ̀ náà ló ṣì wà ní 2025, bí epo ti wù kó wọ́n tó. Kí péage wà lọ́tọ̀. Kí wọ́n sì sọ ibi tí ìkà ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í ka láti ilé dé ọ́fíìsì. Èmi tí n kò ní ọ́fíìsì ní Kétu, ẹnu ọ̀nà ilé mi ni wọ́n gbà pé kó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wà nínú ìwé.